Gìtá Oníná Olówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí A Bá Nínú Ọ̀kan ní Ìbàdàn àti Bí A Ṣe Tún Un Ṣe

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan gìtá yìí ni pé pickup rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn okùn wọ wáyà, ò dáa. Ẹni tó ni ín jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìbàdàn, ó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sáńgo. Ó ti ya ₦40,000 sọ́tọ̀ fún pickup mẹ́ta tuntun. Ohun tó kà sílẹ̀ ni pé gìtá náà ń kùn ṣáá nígbàkígbà tó bá ti wà lórí amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ẹ̀ jáde), pé kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀) tó wà nítòsí orí gìtá kì í dùn mọ́ra bó ti wù kí òun tún un fà tó, àti pé okùn le débi pé ìka ń bó òun. Pickup ló di ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé lórí. Nígbà tí iṣẹ́ fi máa parí, pickup tó bá gìtá náà wá ṣì ń bẹ níbẹ̀. A ò ṣe ju pé a sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ lọ.

Nínú gìtá olówó pọ́ọ́kú, igi ọrùn àti fret, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, ni nǹkan tí owó ẹni ń rà ní ti gidi. Bí àwọn yẹn bá dáa, ìyókù ṣeé tọ́. Bí wọn ò bá dáa, kò sí pickup tó lè gbà á.

Ọ̀nà tó gbà rà á mọ́gbọ́n dání. Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Ó lè kó gbogbo ẹ̀ lé tuntun inú páálí, irú èyí tó máa ń bá amp kékeré àti okùn èjìká wá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá tòkunbọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, ó sì ti pinnu pé gìtá fúnra ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà lọ, kí ìyókù wà fún àtúnṣe. Gìtá olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, tuntun ni o, tòkunbọ̀ ni o, ó ṣọ̀wọ́n kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù kó ti ṣeé fi kọrin dáadáa, torí pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ò ráyè jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ná gbogbo owó ẹ̀ tán lórí gìtá, gìtá tí kò tíì parí ló rà.

Àwòkọ Stratocaster lèyí tó rí. Ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà ló gbé Stratocaster jáde ní 1954, àwọn ẹlòmíì sì ti ń wò ó ṣe látìgbà náà: pickup tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, bridge (irin ara gìtá tí okùn so mọ́ nísàlẹ̀) tó ní ọwọ́ irin tí a fi ń mi ohùn, ọrùn tí súkúrú mẹ́rin dè mọ́ ara, okùn tó jẹ́ 648 mm láti nut (ike tó wà láàárín orí àti ọrùn) dé bridge. Fún ẹni tó fẹ́ máa fọwọ́ ara ẹ̀ tún nǹkan ṣe, irú yìí la máa ń júwe. Ẹ̀yìn pátákó rọ́bà kan ṣoṣo ni fọ́líúmù, swítìṣì àti pickup wà, sùkùdíráfà kan ló ń ṣí i. Ọrùn ẹ̀ ṣeé tú, ó ṣeé dè padà. Èyí tí wọ́n fi gúlù lẹ ọrùn ẹ̀ mọ́ ara ńkọ́? Bí ọrùn yẹn bá bà jẹ́, owó àtúnṣe lè ju owó gìtá lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọrùn ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó gbé orí gìtá sí ìpele ojú, ó di ojú kan, ó wo ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Ọrùn tó bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ọ̀pá irin inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní truss rod lè tún un ṣe. Èyí tó bá lọ́, tí apá okùn tó nípọn ga tí apá kejì sì rẹlẹ̀, kò sí irin tó ń tọ́ ọ. Kéèyàn dá a padà sórí ìkọ́ ni. Ó ní kí ọlọ́jà bá òun fi kọ́kọ́rọ́ yí truss rod díẹ̀, ó yí, kò le gbagidi, kò sì yọ̀. Ó wò ó bóyá okùn kìíní (tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù) àti ìkẹfà (tó nípọn jù) jìnnà sí etí ọrùn bákan náà. Ó fi ìka ra etí àwọn fret. Lẹ́yìn èyí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta okùn kọ̀ọ̀kan lórí fret kọ̀ọ̀kan láì tíì so gìtá mọ́ nǹkan kan: fret 22, okùn 6, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, ìgbà 132 ni. Sùúrù ọlọ́jà kì í tó ìyẹn.

“Àbúrò, ṣé o fẹ́ rà á ni àbí ìdánrawò lo wá ṣe?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ó ku okùn méjì.”

Okùn méjì yẹn ló mú èrè wá. Lórí fret 13, okùn kejì àti ìkẹta kò dún gaara, jìn-ìn-ìn ni wọ́n ń dún, torí pé fret 14 tó wà níwájú ń kàn wọ́n. Ó fi hàn ọlọ́jà, ọlọ́jà náà gbọ́ ọ. Láti ₦130,000 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n parí ẹ̀ sí ₦100,000.

Ibi tí kò ti lè rí òótọ́ ni ti iná. NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́nu ọ̀nà, amp tí wọ́n fi dán an wò kéré. Gìtá ń kùn, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìdánwò kan wà tí ariwo ọjà ò lè bò: kí a yí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná síbi tó ti ń dún píì, kí a fi ẹnu kan kan bridge, kí a fi ẹnu kejì kan irin ìta ibi tí a ń ti wáyà bọ̀. Bí kò bá dún, wáyà áàtì ti já nínú gìtá. Mítà olówó kékeré tó ṣe é kì í ni àpò lára.

Nígbà tí gìtá dé orí tábìlì, ìwọ̀n la kọ́kọ́ mú, pẹ̀lú okùn tó wà ní ohùn tó yẹ, torí ọrùn tí okùn ń fà àti èyí tí okùn kò fà kì í rí bákan náà. Gíga okùn kẹfà lórí fret 12 jẹ́ 3 mm, ti okùn kìíní jẹ́ 2.5 mm. A tẹ okùn kẹfà mọ́lẹ̀ ní fret 1 àti ní fret tó gbẹ̀yìn, a wá wọn àlàfo tó kù lórí fret 8: 0.6 mm. Ohun tí a ń lé ni 2 mm fún okùn kẹfà, 1.6 mm fún ìkìíní, 0.25 mm fún ìtẹ̀ ọrùn. Féélà gééjì tí mẹkáníìkì fi ń ṣe tápẹ́ẹ̀tì ló dáa jù fún ìwọ̀n ìkẹyìn yìí. Bí kò bá sí, bébà fọ́tòkọ́pì 80 gram nípọn tó 0.1 mm, bébà méjì sí mẹ́ta ni kó lè wọ abẹ́ okùn níbẹ̀ láìgbé e sókè.

Okùn tuntun ló ṣáájú ohun gbogbo. Okùn tó ti dípẹtà kì í dúró ní ohùn, ẹni tó bá sì ń fi í wọn gìtá, ìwọ̀n irọ́ ló ń kọ sílẹ̀. A fi oní-10 sí 46 rọ́pò oní-9 sí 42 tó wà níbẹ̀ (ìnípọn okùn ni nọ́ńbà yìí ń sọ), nítorí pé ọmọkùnrin náà máa ń gbá okùn gan-an nígbà ìyìn. Ìpààrọ̀ yìí ní ohun tó máa ń fà: okùn tó nípọn jù ń fa ọrùn síwájú, ó sì ń gbé ìdí bridge sókè. Ẹ má ṣe já gbogbo okùn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà lórí bridge oní-sípíríìngì bí ẹ ò bá tíì mọ bí ẹ ó ṣe tò ó padà. Okùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gùn kọjá òpó ẹ̀ ní nǹkan bíi 5 cm kí a tó gé e, kó lè yí òpó náà ká ní ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ìyípo kọ̀ọ̀kan lábẹ́ èyí tó ṣáájú ẹ̀. Ẹni tó bá yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló máa ń sọ pé peg, ohun orí gìtá tí a ń yí láti fa okùn, ò dáa. Lẹ́yìn tí a wọ̀ wọ́n tán, a fi ọwọ́ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ kúrò lára gìtá, a tún un fà sí ohùn, a tún fà á, títí tí ohùn ẹ̀ ò fi relẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ irin tí a fi ń mi ohùn, a gbà á nímọ̀ràn pé kó gbàgbé ẹ̀. Orin ìyìn àti jùjú tó ń ta kò nílò ẹ̀, bridge tó ń léfòó sì ń jẹ́ kí okùn márùn-ún yókù jábọ́ kúrò ní ohùn nígbà tí ẹyọ kan bá já. A ṣí ẹ̀yìn, a fún súkúrú méjì tó di irin sípíríìngì mú títí bridge fi fìdí kanlẹ̀ sára gìtá. Ó wà bẹ́ẹ̀.

Truss rod wá kàn. Kọ́kọ́rọ́ Allen 4 mm ló wọ èyí; àwọn mìíràn yàtọ̀, kọ́kọ́rọ́ tí kò bá sì fún dáadáa a máa bó orí ẹ̀, ìjàǹbá gidi nìyẹn. Sí ọ̀tún ni a ń yí i kí ọrùn lè nà. Ìdá mẹ́rin yípo kan lẹ́ẹ̀kan, kí a tún okùn fà sí ohùn, kí a wọ̀n. A ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, 0.6 di 0.25. Bí ó bá le, kí ẹ má fipá mú un.

Ní báyìí, ẹjọ́ kọ́ọ̀dù. Nut ni ike funfun kékeré tó wà láàárín orí àti ọrùn, tó ní ojú ihò mẹ́fà tí okùn ń gbà kọjá. Bí ojú ihò yẹn ò bá jìn tó, okùn á ga lórí fret 1, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á ní láti tẹ̀ ẹ́ jìnnà kó tó kan irin. Títẹ̀ jìnnà yẹn ń na okùn, okùn tó bá sì nà, ohùn ẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ní fret 1 sí 3 ni ó ti ń burú jù. Bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ni ó ń dínkù. Ìdí nìyí tí kọ́ọ̀dù E àti F ẹ̀ fi ń kan, tí ti fret 7 sì ń dùn, àti ìdí tí ìka fi ń bó o. Tuner, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, fi hàn pé F tó wà ní fret 1 lórí okùn kìíní ga ní cent 20, ìyẹn ìdá márùn-ún àlàfo fret kan. Kò sí bí èèyàn ṣe máa tún okùn fà tí yóò bọ́ nínú èyí: tí okùn tí a ò tẹ̀ bá ti bá ohùn mu, èyí tí a tẹ̀ á ti ṣìnà. Bẹ́ẹ̀, pickup ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ohun tí okùn bá dún ló ń gbé lọ.

Ìdánwò ẹ̀ rọrùn. Ẹ tẹ okùn mọ́ fret 3, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret 1. Ó yẹ kó kù díẹ̀ kó kàn án, bébà kan péré ni kó wọ ibẹ̀. Lórí gìtá yìí, káàdì ATM wọ abẹ́ okùn kẹfà láì fara kàn án, káàdì ATM sì nípọn tó 0.76 mm.

Fáìlì nut gidi wọ́n, ẹni tó fẹ́ tún gìtá kan ṣe kò nílò ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ wẹ́dà, àpò abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń tú ihò ẹnu tọ́ọ̀ṣì gáàsì. Ara abẹ́rẹ́ náà ní eyín bíi fáìlì, wọ́n sì wà ní oríṣiríṣi ìnípọn. A máa ń mú èyí tó nípọn ju okùn lọ ní díẹ̀ bíńtín, torí pé ojú ihò tó bá há okùn mọ́ra ni kì í jẹ́ kó padà sí ohùn. Ẹ tú okùn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, ẹ dá okùn padà, ẹ fà á sí ohùn, ẹ wò ó ní fret 3 lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ náà ń súni, òun náà sì ni kò gbọdọ̀ yá. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dagun lọ sí ìhà orí gìtá, kí okùn lè fìdí lé etí nut tó kọjú sí fret. Bí ó bá jẹ́ etí ẹ̀yìn ló fìdí lé, okùn á máa gbọ̀n nínú ihò, ohùn ẹ̀ á máa fọ́, ìwọ̀n ẹ̀ ò sì ní pé.

Bí ihò bá jìn jù ńkọ́? Okùn tí a ò tẹ̀ á máa kan fret 1. Èyí ṣẹlẹ̀ lórí okùn kẹrin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nut tuntun. A bu sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sínú ihò náà, a kán súpà gúlù kan ṣoṣo lé e. Ojú ẹsẹ̀ ló gan, a sì tún un lọ. Ní ìparí, a fi ẹnu pẹ́ńsù ya inú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí okùn lè máa yọ̀ níbẹ̀. Bí okùn bá ń ta tín! nígbà tí ẹ bá ń yí peg, ihò yẹn ló di í mú.

Lẹ́yìn nut, cent 20 yẹn di 4. A ò lé e kọjá ibẹ̀.

Ti fret 14, a gé rúlà irin sí 40 mm kó lè gun fret mẹ́ta péré lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí fret 13, 14 àti 15, ó ń mì bọ̀ọ̀lọ̀bọ̀ọ̀lọ̀: àárín ga. Kí ẹnikẹ́ni tó mú fáìlì, kó kọ́kọ́ fi igi tẹ fret náà. Èyí wọlé nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, ó sì tún dìde. Irin náà ló ti yọ kúrò nínú kòtò ẹ̀, igi tó gbẹ ló tú u sílẹ̀. A kán súpà gúlù olómi sábẹ́ ẹ̀, a fi igi àti òòlù rọ́bà lù ú wọlé, a dì í mú títí ó fi gan. Súpà gúlù kì í jáde lára igi, nítorí náà ẹ fi téèpù bébà bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Etí fret tó ń ya ọwọ́, fáìlì kékeré la fi gé ẹnu wọn dagun, a wá fi sáńpépà 600, 1000 àti 2000 dán wọn. Ẹ bo pickup nígbà iṣẹ́ yìí: mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ á fa gbogbo ìyọ́ irin mọ́ra.

Gíga okùn tó kù, kọ́kọ́rọ́ kékeré ló ń yanjú ẹ̀ lórí àwọn saddle mẹ́fà tí okùn fìdí lé lórí bridge. Lẹ́yìn náà ni gígùn okùn. Ẹ ta okùn láìtẹ̀ ẹ́, kó bá tuner mu. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní fret 12. Bí ti fret 12 bá ga jù, okùn ti kúrú, ẹ fa saddle sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bó bá relẹ̀, ẹ tì í síwájú. Ẹ tún okùn fà sí ohùn lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé àwọn èèyàn ń ṣe é ṣáájú nut àti truss rod, gbogbo ẹ̀ á sì tún yí padà.

Ó wá kan iná. A so gìtá mọ́ amp, a ò fọwọ́ kan nǹkan kan: ó ń kùn. A fọwọ́ kan okùn: kò yí padà. A fọwọ́ kan irin ẹnu wáyà: ó dákẹ́ wọ̀ọ̀. Ìyẹn tó láti dá ẹjọ́. Ara èèyàn máa ń kó ariwo iná ilé, 50 Hz tó wà nínú wáyà ògiri, ó sì ń gbé e fún pickup. Nígbà tí okùn bá ní áàtì, ẹni tó bá di okùn mú ti di apá kan áàtì, ariwo náà á sì lọ sílẹ̀. Okùn gìtá yìí ò ní áàtì.

A ṣí ẹ̀yìn. Wáyà dúdú tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ irin tó di sípíríìngì mú ti tú, ó kàn fara ti ibẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀dì tó wà lórí irin náà rí roboto, kò tàn ká. Irin yẹn tóbi, ó ń gba gbogbo ooru. Áyọ́ọ̀nù 25 wáàtì tí wọ́n fi ń jó rédíò kò lè mú un gbóná, lẹ́ẹ̀dì á kàn gan sórí ẹ̀ láì lẹ̀ mọ́ ọn. A fi fáìlì ha irin náà títí ó fi dán, a lo áyọ́ọ̀nù 60 wáàtì, a mú irin gbóná kí a tó gbé lẹ́ẹ̀dì sí i. Ó tàn ká bó ṣe yẹ. Mítà dún. Ìdajì kíkùn náà kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ìdajì yókù, àwọn pickup tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló ń kó o látinú afẹ́fẹ́. Bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ alálẹ̀mọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò láti bo inú gìtá, ó sì wọ́n. Téèpù fọ́ìlì tí àwọn tó ń tún AC ṣe ń lò ṣe iṣẹ́ kan náà, bí èèyàn bá mọ àlébù ẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, gúlù ẹ̀yìn ẹ̀ kì í gbé iná, nítorí náà ká ṣẹ́ etí ẹ̀ kọ̀ọ̀kan padà kí irin lè kan irin, ká sì fi mítà wò ó láti igun dé igun. Èkejì, lẹ́ẹ̀dì lásán ò lẹ̀ mọ́ fọ́ìlì alúmíníọ̀mù. Wáyà áàtì ẹ̀, abẹ́ súkúrú la fi sí, pẹ̀lú òrùka irin lẹ́nu ẹ̀. A bo inú kòtò, a bo ẹ̀yìn pátákó rọ́bà, méjèèjì sì kan ara wọn nígbà tí a dé e padà. Lẹ́yìn tí a dé e, gìtá dákẹ́ pátápátá, kò dún rárá. Irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń já èèyàn láyà, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo: ẹsẹ̀ wáyà tó gbé ohùn ń kan fọ́ìlì. Níbi ẹnu wáyà ló ti kàn án. Téèpù dúdú tó lé ní ínṣì kan ló yanjú ẹ̀.

Ẹnu wáyà fúnra ẹ̀, èyí tí rọ́bà bò, ti ń mì; a fi onírin gbangba rọ́pò ẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara rédíò ní Queen Cinema, lápá Èkótẹ̀dó, ni irú ẹ̀ wà.

A wá wọn pickup tí wọ́n ti dá lẹ́bi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ka láàárín 5.8 àti 6.2 kílò-ohm, èyí tó bójú mu fún irú wọn. Bí wáyà inú pickup bá ti já, mítà ò ní ka nǹkan kan. Ohun tó ṣe wọ́n ni pé wọ́n ti gbé wọn sún mọ́ okùn jù, ó kù bíi 1 mm. Mágínẹ́ẹ̀tì tó bá sún mọ́ okùn tó báyẹn á máa fà á, okùn kẹfà á máa sọ ohùn méjì nígbà kan náà ní fret òkè, tuner á máa lọ, á máa bọ̀. Pẹ̀lú okùn tí a tẹ̀ mọ́ fret tó gbẹ̀yìn, a sọ wọ́n kalẹ̀ sí 2.4 mm lápá okùn tó nípọn, 2 mm lápá kejì.

Ohùn ẹ̀ ṣì ń gún etí. A wo ẹ̀yìn fọ́líúmù: B500K ni wọ́n kọ sí i (K yẹn ni kílò-ohm). 250K ló bá irú pickup yìí lọ. 500K ni ti humbucker, pickup alápá méjì. A lè pààrọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n rẹsítọ̀ 470K kan tí a jó mọ́ ẹsẹ̀ kìíní àti ìkẹta fọ́líúmù náà sọ gbogbo ẹ̀ di nǹkan bíi 242K. Owó rẹsítọ̀ kan ò tó owó gúgúrú. Nígbà tí ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ti pààrọ̀ pickup ni?”

Kíkùn díẹ̀ ṣì wà, pàápàá lábẹ́ iná fulọrẹ́sẹ́ǹtì àti lórí ínfátà tí iná ẹ̀ ò mọ́. Irú pickup yìí kò ní ṣàìkùn rárá. Kéèyàn yí ara ẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tó dojú kọ, á rí i pé ó dínkù. Ohun mìíràn wà tí kò jọ èyí, tí a ò sì gbọ́dọ̀ fojú di: bí iná bá gbé e nígbà tó di okùn mú tí ẹnu ẹ̀ kan máìkì, gìtá kọ́. Áàtì amp tàbí ti míksà ló ti sọnù, ẹlẹ́tíríṣíà ni kí wọ́n pè. Kí ẹnikẹ́ni má gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì torí àti pa ariwo.

Gbogbo ohun tí a rà kò tó ₦20,000, okùn ló sì jẹ ìdajì ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìwọ̀n tó kẹ́yìn: 2 mm, 1.6 mm, 0.25 mm. Èyí tó kẹ́yìn yìí ò ní dúró lójú kan. Nígbà ọyẹ́, omi inú igi á gbẹ, ọrùn á nà, okùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í kan fret; ẹ yí truss rod sí òsì ní ìdá mẹ́jọ yípo. Nígbà òjò, ọrùn á tún tẹ̀ síwájú. Inú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán ló burú jù fún un láti gbé.

Peg okùn kẹta la ò ṣe. Ó ń yọ̀ díẹ̀ kó tó di mú, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń fa okùn láti ìsàlẹ̀ wá sókè dé ohùn dípò kó máa sọ ọ́ kalẹ̀ dé e, ó ń dúró. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ wọn lọ́jọ́ iwájú, kó kọ́kọ́ tú ọ̀kan, kó wọn ihò orí gìtá kó tó lọ sí ọjà. Àwọn kan nílò ihò 10 mm, àwọn kan kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí súkúrú wọn wà lẹ́yìn orí gìtá ò sì bára mu. Kó mú èyí tó tú náà dání lọ.